Ẹ má dúró de lẹ́tà: ìdáhùn fún Ìyá Tósìn tó fẹ́ pé ẹni ọdún 65 ní Houston

Ìbéèrè tó dé ọwọ́ mi nìyí lórí Medicare, inṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tó ti pé 65; mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo wà, ó ti lé ní ọdún 24 tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá ọdún 2026 yìí ni n óò pé ẹni ọdún 65. Ilé iṣẹ́ tí mo wà kò tóbi, a ò ju mẹ́rìnlá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fún èmi àti ọkọ mi ní inṣọ́ránsì. Ọ̀gá mi ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu lórí Medicare báyìí, pé ó di ìgbà tí mo bá fẹ̀yìn tì ní 67, àti pé ìjọba á kọ lẹ́tà sí mi. Ọkọ mi ti pé 67 ní tirẹ̀. Tákísì ló ń wà kó tó bọ́ sí Uber. Wọ́n ní kírẹ́díìtì rẹ̀, ìyẹn àmì tí ìjọba ń kà fún ènìyàn lórí owó iṣẹ́ rẹ̀, kò pé 40, pé 31 ló ní, àti pé yóò máa sanwó gọbọi lóṣooṣù, ló bá pa á tì. Màmá mi, ẹni ọdún 81, dé pẹ̀lú gíríìnkáàdì ní 2024. Èmi fúnra mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì máa ń lọ lo oṣù méjì ní Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́dọọdún. Kí ni kí n ṣe?”

Ìyá Tósìn, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má dúró di 67, ẹ má sì dúró de lẹ́tà kankan. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ẹ ò ju mẹ́rìnlá lọ níbi iṣẹ́, ẹ forúkọ sílẹ̀ fún Part A (apá Medicare ti ọsibítù) àti Part B (ti dókítà àti àyẹ̀wò) kí Oṣù Kẹjọ tó parí, kí baba Tósìn náà sì lọ ṣe tirẹ̀. Ti Màmá yàtọ̀, n óò dé ibẹ̀.

Ọ̀gá yín kò purọ́ mọ́ yín. Ohun tó sọ fún yín, òótọ́ ni ní ilé ìwòsàn ńlá tàbí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ. Níbi tó ti ṣìnà ni pé kò wo bí ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe tó. Lẹ́nu ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn wa to ìwé Medicare, àṣìṣe yìí ni mo rí jù, àwọn tó sì máa ń bá jẹ́ irú yín: ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tára rẹ̀ ṣì le, tó ní káàdì inṣọ́ránsì nínú pọ́ọ̀sì, tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya 65 àti 67 sọ́tọ̀. Nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin Medicare ní ọjọ́ 30 Oṣù Keje 1965, ọjọ́ orí kan náà, 65, ni wọ́n ń lò fún un àti fún owó ìfẹ̀yìntì Social Security. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1983 ló wá ń sún ti owó ìfẹ̀yìntì síwájú díẹ̀díẹ̀, tó fi di 67 fún ẹni tí wọ́n bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò fọwọ́ kan ti Medicare. Nítorí náà, ẹ lè fi owó Social Security yín sílẹ̀ di 67 kó lè pọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Medicare kò bá a rìn mọ́.

Ní ti lẹ́tà, ẹni tó bá ti ń gba owó Social Security, ó kéré tán oṣù mẹ́rin ṣáájú kó tó pé 65, ni ìjọba máa ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fúnra wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kàn rí káàdì pupa, funfun àti búlúù nínú àpótí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ̀yin kò tíì máa gba owó yẹn. Kò sí káàdì tó ń bọ̀. Àwọn lẹ́tà tí ẹ máa rí lọ́pọ̀ yanturu láti ìsinsìnyí lọ, tí wọ́n ya àsíá Amẹ́ríkà sára àpòòwé wọn bí ẹni pé Washington ló ti wá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta inṣọ́ránsì ni gbogbo wọn ti ń wá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pé ẹ ò ju mẹ́rìnlá lọ níbi iṣẹ́ yẹn. Bí ènìyàn bá ti pé 65, tó ní Medicare, tó tún ní inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́, òfin ti sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ san. Bí ilé iṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ló máa ṣíwájú, Medicare á tẹ̀lé e. Bí wọn ò bá tó 20, Medicare ló ṣíwájú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dọ́rùn ni pé bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ ṣì lè sọ pé ipò kejì ni òun wà, pé iye tó kù lẹ́yìn tí Medicare bá ti san tirẹ̀ ni òun máa san, yálà Medicare wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín láìdá yín dúró sí ọsibítù, iye tí Medicare gbà fún iṣẹ́ náà sì jẹ́ dọ́là 10,000. Part B á ní kí ẹ kọ́kọ́ san dọ́là 283 ti ọdún 2026, lẹ́yìn náà á san ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún èyí tó kù. Ìyẹn jẹ́ dọ́là 7,773.60. Bí ẹ kò bá ní Part B, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ lè wo dọ́là 7,773.60 yẹn kó ní, “Èyí kì í ṣe tèmi.” Medicare náà á ní òun kò mọ̀ yín rí. Ọrùn yín ló máa já lé.

Mo rí ọkùnrin kan tó kó ìwé rẹ̀ wá bá mi nínú láílọ́ọ̀nù ìtajà. Wọ́n ti ṣe orúnkún fún un, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti sanwó, ó ti ń rìn dáadáa, ó ti gbàgbé. Ó tó nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹnì kan níbẹ̀ tó ṣàkíyèsí pé ó ti lé ní 65, àti pé ìsọ̀ mẹkáníìkì tó ń bá ṣiṣẹ́ kò ní ju ènìyàn mọ́kànlá lọ. Wọ́n gba owó wọn padà lọ́wọ́ ọsibítù, ọsibítù wá yíjú sí i. Ọkùnrin yẹn kò hùwà àìtọ́ kankan. Inú gbogbo àpòòwé tó kó wá, kò sí ọ̀kan tó sọ fún un rí pé Medicare ló yẹ kó ṣíwájú, àfi èyí tó dé kẹ́yìn.

Nítorí náà, mẹ́rìnlá tí ẹ kà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mọ ara wọn. Oníkálukú ló wà nínú ilé oníbàárà rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ wà lára òṣìṣẹ́ tí òfin ń kà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ilé iṣẹ́ ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọ̀sẹ̀ 20 ó kéré tán, ní ọdún yìí tàbí ní ọdún tó kọjá. Ó tún ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ yín àti àwọn mìíràn jọ da inṣọ́ránsì wọn pọ̀ ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti tó 20, ìṣirò lè yí padà. Ẹ má béèrè lẹ́nu. Ẹ kọ ọ́ sínú íméèlì sí ẹni tó ń ṣètò inṣọ́ránsì níbi iṣẹ́, gbólóhùn kan péré: “Bí mo bá pé 65, ta ló máa kọ́kọ́ san, ṣé inṣọ́ránsì wa ni tàbí Medicare?” Kí wọ́n fi ìwé dáhùn.

Bí wọ́n bá ní àwọn tó 20, ẹ lè dá Part B dúró títí ẹ ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀, láìsí ewu. Ẹ ó ní oṣù mẹ́jọ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ tàbí inṣọ́ránsì ibẹ̀ bá parí, èyí tó bá ṣáájú, láti forúkọ sílẹ̀ láìsí ìtanràn. Oṣù mẹ́jọ yẹn wà fún òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kékeré náà, nítorí pé inṣọ́ránsì ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń wò. Kì í ṣe ìtanràn ló ń bà mí lẹ́rù lórí yín bí kò ṣe dọ́là 7,773.60 tí kò ní olówó.

Ẹni tí ìtanràn máa ń bá ni ẹni tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó wá gbé ara lé COBRA, ìyẹn inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ àtijọ́ tí ènìyàn ń fi owó ara rẹ̀ san. COBRA kì í ṣe inṣọ́ránsì ẹni tó ń ṣiṣẹ́, kò sì dá oṣù mẹ́jọ yẹn dúró. Ẹni tí oṣù mẹ́jọ bá kọjá lórí rẹ̀ á dúró di Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta, àsìkò tí wọ́n máa ń gba àwọn tó pẹ́. Fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n á fi lé owó Part B rẹ̀, títí ayé. Ẹni tó pẹ́ ọdún méjì, ní iye ti 2026, á máa san nǹkan bíi dọ́là 40 lé e lóṣooṣù, bí owó Part B bá sì ṣe ń lọ sókè ni tirẹ̀ náà á máa bá a lọ.

Ọjọ́ ìbí yín ní àrà kan nínú. Ọjọ́ òmìnira, ọdún kan gééré lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó sọ àsíá wọn kalẹ̀. Lójú òfin Social Security, ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìbí ni ènìyàn ń pé ọdún. Ẹni tí wọ́n bí ní ọjọ́ kìíní oṣù ti pé 65 ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù tó ṣáájú. Nítorí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án ni Medicare yín lè bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe Oṣù Kẹwàá. (Mo máa ń rí ọjọ́ kìíní oṣù lára ìwé àwọn ẹgbẹ́ wa dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa, ẹni tó kọ ìwé náà ló bá wa yan ọjọ́. Ọjọ́ tó bá wà lọ́dọ̀ Social Security ni wọ́n máa lò, ẹ má lọ máa bá wọn jiyàn nípa ọdún tí òjò ńlá rọ̀.)

Oṣù méje ni àsìkò ìforúkọsílẹ̀: oṣù mẹ́ta ṣáájú, oṣù náà gan-an, àti mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Tiyín bẹ̀rẹ̀ láti Oṣù Kẹfà títí di Oṣù Kejìlá. Bí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ láàárín Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹjọ, Part B á bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án. Bí ẹ bá jẹ́ kó wọ Oṣù Kẹsàn-án tàbí kó kọjá rẹ̀, ó di ọjọ́ kìíní oṣù tó tẹ̀lé ọjọ́ tí ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ ò rí i pé Oṣù Kẹjọ tí mo dárúkọ lókè kì í ṣe àròsọ.

Èló ni? Part A, tó ń bójú tó ọsibítù tí wọ́n bá dá ènìyàn dúró, ọ̀fẹ́ ni fún yín nítorí pé ẹ ti ní kírẹ́díìtì 40. Bí wọ́n bá gbà yín sí ọsibítù, dọ́là 1,736 ni ẹ máa kọ́kọ́ san ní 2026 kí Part A tó gba ìyókù ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́. Part B, ti dókítà àti àyẹ̀wò, dọ́là 202.90 lóṣù. Nítorí pé ẹ ò tíì máa gba Social Security tí wọ́n lè yọ ọ́ lára rẹ̀, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n á máa fi ìwé owó ránṣẹ́, dọ́là 608.70 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà. Ẹ lè ní kí wọ́n máa yọ ọ́ ní báńkì lóṣooṣù.

Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, abẹ́ Part D, apá Medicare tó wà fún òògùn, ló wà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ bóyá inṣọ́ránsì wọn dára tó ti Part D. Ọdọọdún ni òfin ní kí wọ́n fi ìwé sọ ọ́. Bí ẹ bá máa pa inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tì, ẹ mú Part D lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó bá lo ọjọ́ 63 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìní èyí tó dára lẹ́yìn àsìkò rẹ̀, ìtanràn tirẹ̀ náà ń dúró dè é. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú Part D ni pé láti 2025 ni wọ́n ti fi ààlà sí i: ní 2026, bí owó òògùn tí ẹ san lápò yín bá ti dé dọ́là 2,100 nínú ọdún, ẹ ò san mọ́ fún àwọn òògùn tó wà nínú ètò yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ jókòó sí dáadáa ni ìdá 20 tí Part B fi sílẹ̀. Kò ní ààlà. Ìdá 20 ìtọ́jú jẹjẹrẹ lè ta ilé. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà dí i. Èkíní ni Medicare Advantage, tí wọ́n tún ń pè ní Part C: ẹ gba ọwọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, owó rẹ̀ sábà máa ń kéré, àwọn kan kò gba kọ́bọ̀ lé Part B lórí, wọ́n á tún fi eyín àti gíláàsì kún un, wọ́n sì ní ààlà iye tí ẹ lè san lọ́dún. Ṣùgbọ́n dókítà tí wọ́n bá yàn lẹ ó máa lò, ẹ ó sì máa tọrọ àyè kí wọ́n tó ṣe àwọn nǹkan kan fún yín. Èkejì ni kí ẹ dúró pẹ̀lú Medicare ìjọba gan-an, kí ẹ ra Medigap, inṣọ́ránsì aládàáni tó ń dí àlàfo tí Medicare bá fi sílẹ̀, lé e. Èyí tí wọ́n ń pè ní Plan G á san ohun gbogbo tí Part B bá fi sílẹ̀, àyàfi dọ́là 283 ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Owó rẹ̀ lóṣooṣù kì í ṣe kékeré, ẹ ó sì ra Part D lọ́tọ̀.

Bí ó bá jẹ́ èmi, tí mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo sì ń lọ sílé lọ́dọọdún, Medigap ni n óò mú bí apò bá gbà á. Ìdí méjì ni. Àkọ́kọ́, láti ọjọ́ tí Part B yín bá bẹ̀rẹ̀ ẹ ní oṣù mẹ́fà péré tí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kankan kò gbọ́dọ̀ kọ̀ yín tàbí gbé owó lé yín nítorí àìsàn. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án, ó parí ní òpin Oṣù Kejì 2027. Lẹ́yìn ìyẹn, ní Texas, wọ́n lè bi yín léèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ọkàn, kí wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ mú Advantage nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, tó wá fẹ́ padà sí Medigap nígbà tára rẹ̀ ti ń hun ún, ilẹ̀kùn yẹn máa ń wúwo.

Ìdí kejì ni Ìjẹ̀bú-Igbó. Medicare kì í sanwó fún ìtọ́jú ní Nàìjíríà. Plan G àti irú Medigap mìíràn tí wọ́n ń pè ní Plan N ní owó ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹni tó bá rìnrìn àjò: ẹ ó kọ́kọ́ san dọ́là 250, wọ́n á san ìdá 80 ìyókù, kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 50,000 lọ ní gbogbo ayé yín, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò náà ni àìsàn ọ̀hún bẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì tí ẹ máa ń lò, etí ààlà ló wà, ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó san owó ọsibítù ní Ìjẹ̀bú fúnra yín ná, ẹ ó wá fi ríṣíìtì béèrè rẹ̀ níhìn-ín. Ríṣíìtì gidi o, tó ní orúkọ ọsibítù, ọjọ́ àti ohun tí wọ́n ṣe, kì í ṣe bébà tí nọ́ọ̀sì kọ “a ti gbà á” sí.

Baba Tósìn ńkọ́? Inú mi dùn sí tirẹ̀. Òótọ́ ni pé kírẹ́díìtì 31 kò pé. Ẹni tó ní 30 sí 39 máa san dọ́là 311 lóṣù fún Part A ní 2026, ìyẹn ló dẹ́rù bà á. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún un ni pé ó lè lo kírẹ́díìtì ìyàwó rẹ̀. Ẹni tó ti pé 65, tí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ ti pé 62 tó sì ní kírẹ́díìtì 40, tí wọ́n sì ti ṣègbéyàwó fún ọdún kan ó kéré tán, ọ̀fẹ́ ni Part A fún un. Kò di dandan kí ẹ̀yin fúnra yín ti máa gba Social Security. Ẹ ti pé 62 láti 2023. Dọ́là 311 yẹn kò kàn án rárá.

Kí ó wá ìwé ìgbéyàwó jáde. Bó bá jẹ́ ti kọ́ọ̀tù, ó rọrùn. Bó bá jẹ́ ti ìdílé nìkan ni ẹ ṣe, wọ́n lè béèrè ẹ̀rí sí i, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá a nísinsìnyí. Ní ti Part B rẹ̀, inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ yín tó ti wà lórí rẹ̀ kó tó pé 65 ló gbà á lọ́wọ́ ìtanràn. Fọ́ọ̀mù méjì ló máa kún: CMS-40B, èyí tó fi ń béèrè Part B, àti CMS-L564, tí ọ̀gá yín máa fọwọ́ sí láti jẹ́rìí pé ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn àti pé inṣọ́ránsì wà. Ewu ilé iṣẹ́ tí kò tó ènìyàn 20 yẹn kan òun náà, ó tilẹ̀ ti wà lórí rẹ̀ fún ọdún méjì. Bó bá ti lọ sí ọsibítù láàárín ìgbà yẹn, kó má sọ ìwé rẹ̀ kankan nù.

Ẹ jẹ́ kí n fi eléyìí kún un fún àwọn awakọ̀ tó bá ń kà á. Ní 2026, dọ́là 1,890 ni kírẹ́díìtì kan, mẹ́rin péré ni ènìyàn lè rí lọ́dún bó ti wù kó pa owó tó. Èrè tó kù lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ epo, táyà àti àtúnṣe ọkọ̀ nínú ìwé owó orí ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá yọ gbogbo rẹ̀ títí èrè fi kù bí ọmọ ẹ̀wà, owó orí rẹ̀ á kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún yẹn kò ní kírẹ́díìtì. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tí wọ́n ń kówó lé lọ́wọ́ láìsí ìwé, òdo ni tirẹ̀. Àwọn ọdún tí ẹ fi ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta kò sì kún un.

Màmá ló kù, tiwọn ni kò dùn. Wọn kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín rí, iṣẹ́ ọmọ kì í fún òbí ní kírẹ́díìtì. Ẹni tó bá fẹ́ fi gíríìnkáàdì ra Medicare láìní kírẹ́díìtì gbọ́dọ̀ ti gbé Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún léraléra ṣáájú. Bó bá jẹ́ 2024 ni wọ́n dé, ó di 2029. Nígbà náà, wọ́n lè ra Part B nìkan, tàbí kí wọ́n ra Part A náà mọ́ ọn. Ní iye ti 2026, Part A fún ẹni tí kò ní kírẹ́díìtì tó 30 jẹ́ dọ́là 565 lóṣù; pẹ̀lú Part B, dọ́là 767.90. Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bá jáde nílẹ̀ yìí àti ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé sí. Bí ìyá bá ń lọ lo ìgbà pípẹ́ nílé, wọ́n lè ní ọdún márùn-ún náà kò so mọ́ra, ìgbà yẹn kọ́ ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù.

Kó tó di 2029, ẹni tó ní gíríìnkáàdì bíi tiwọn lè ra inṣọ́ránsì ní HealthCare.gov, ọjà inṣọ́ránsì tí ìjọba ṣí sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí wọ́n tilẹ̀ ti lé ní 65, nítorí pé Part A ọ̀fẹ́ kò sí fún wọn. Ọjọ́ kìíní Oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń ṣí i. Bóyá ìjọba máa bá wọn san nínú rẹ̀ tàbí wọn ò ní í san, ó dúró lórí owó tó ń wọlé fún ìdílé àti bóyá ẹ kọ Màmá mọ́ ìwé owó orí yín. Bó bá wọ́n jù, tó sì jẹ́ pé inú Harris County lẹ wà, ẹ lọ béèrè ètò ìrànlọ́wọ́ owó ìtọ́jú ti Harris Health, àwọn ọsibítù ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ń wo owó tó ń wọlé àti ibi tí ènìyàn ń gbé. Ẹ tètè ṣe é nígbà tára Màmá ṣì dá, kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà yàrá pàjáwìrì.

Ìforúkọsílẹ̀ yín gan-an kò ní í gbà yín ní wákàtí kan lórí ssa.gov, ojú òpó Social Security. Ohun tó sábà máa ń dá àwọn ènìyàn wa dúró ni orúkọ: ti baba lórí pásípọ́ọ̀tù, ti ọkọ lórí káàdì Social Security, kí orúkọ àárín wá di orúkọ àkọ́kọ́ lórí ìwé ọmọ onílùú. Ẹ tẹ́ ìwé yín sórí tábìlì kí ẹ wò ó bóyá wọ́n jọra. Bí wọn ò bá jọra, ẹ pe Social Security kí wọ́n fún yín ní ọjọ́ tí ẹ máa wá. Bí ilé iṣẹ́ yín bá ń bá yín fi owó sínú HSA, ìyẹn àpò owó ìtọ́jú ìlera tí wọn kì í gba owó orí lé lórí, ẹ dá a dúró kí Part A tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì pè yín lórí fóònù pé Medicare lòun ti ń pè, pé kí ẹ ka nọ́ńbà káàdì yín fún òun, ẹ pa fóònù náà. Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn lórí Plan G àti ìyókù lẹ ń fẹ́, HICAP ni ètò ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ti Texas, wọn kì í ta ohunkóhun.

Ẹ má tíì pa inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tì, nítorí pé orí rẹ̀ ni baba Tósìn wà títí káàdì tirẹ̀ yóò fi dé. Ẹ fi íméèlì yẹn ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí. Bí èsì rẹ̀ bá ní àwọn tó 20, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó tẹ ohunkóhun lórí ssa.gov, ohun tí mo sọ nípa Part B máa yí padà.